Bàálù tí kò sí ọmọdé nínú rẹ̀: mo ti wọ̀ ọ́ rí

Ẹ BI NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ

Ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn. Ọdún 31 ni Àlájà tó ń dá yín lóhùn níbí fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé n'Ílọrin kó tó fẹ̀yìn tì.

ÌBÉÈRÈ

Àlájà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa. Aṣọ òfì ni mò ń tà, n'Ílọrin níbí náà ni. Ọmọ ọdún 54 ni mí. Lóṣù tó kọjá mo lọ kí ọmọ mi ní London. Àlọ dára, àbọ̀ ni mo fẹ́ fi sùn yín. Bàálù alẹ́ ni. Ìyàwó kékeré kan gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ó jókòó sẹ́yìn mi gan-an. Bí a ṣe gbéra ni ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké. Nínú wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yẹn, mi ò rí oorun wákàtí kan sùn. A balẹ̀ l'Ékòó, mo tún wọkọ̀ wá sílé, mo bá oníbàárà tó ti ń dúró dè mí láti gba aṣọ ìyàwó. Aṣọ tí ẹlòmíì fẹ́ fi sin ìyá rẹ̀ ni mo dì fún un. Oorun ló fà á.

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì bóyá kò sí bàálù tí wọn kì í gba ọmọdé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Owó mi ni mo san, n ò tọrọ rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí àwọn oníbàálù ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwa tí a fẹ́ sinmi? Ìyàwó mi ní ìkà ni mí. Ẹ bá wa dá a.

Bàbá Aláṣọ Òfì, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Bàbá Aláṣọ, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kì í ṣe ìkà. Ẹni tí àìsùn kò jẹ́ kó mọ aṣọ ìyàwó yàtọ̀ sí aṣọ òkú ti jìyà tó, kí wọ́n má tún fi orúkọ burúkú lé e lórí. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín kó yọ ìkà yẹn kúrò. Ẹjọ́ tó kù la ó jọ dá, ẹ sì jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ẹ ò ní jàre gbogbo rẹ̀.

Bàálù tí ẹ ń wá kiri yẹn, mo ti wọ̀ ọ́ rí. Ọkọ̀ Mẹ́kà ni.

Ọdún tí mo lọ Hájì, pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin níbí ni wọ́n ti gbé wa. Ọkọ̀ náà kún fọ́fọ́, kò sì sí ọmọ kankan láàárín wa. Ẹni tó kéré jù tí mo fojú rí níbẹ̀ á ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. (Nísinsìnyí ìjọba Saudi tiẹ̀ ti fẹnu ara wọn sọ ọ́: lọ́dún 2025 wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọdé dání wá sí Hájì, nítorí ewu tó wà nínú èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀.) Mo so bẹ́líìtì mi, mo ní Alhamdulillahi, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé yóò sùn lónìí, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún láìgbọ́ igbe ọmọ.

Bàbá, kí ni mo rí? Ọkọ̀ ń gbéra báyìí, Alfa kan gbé "Labbaika" sókè, gbogbo wa gbè é. Ìyẹn ìjọsìn ni, ẹnu mi kò sí níbẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni mò ń sọ. Bàbá méjì gbé ìjà kalẹ̀ lórí ẹni tí yóò jókòó létí fèrèsé. Ọ̀kan ní ọdún mẹ́rin lòun ti ń tọ́jú owó Hájì, èkejì ní ọdún mẹ́fà ni tòun, bí ẹni pé fèrèsé ni wọ́n ń tọ́jú owó fún. Ìyá kan tú ẹja gbígbẹ tó dì sínú ọ̀rá, òórùn rẹ̀ bá wa dé ìlà kejìlá. Ẹnì kan ń gbọ́ wáàsí lórí fóònù láìfi nǹkan sétí, ó ṣe tán, wáàsí ni, ta ni yóò ní kó pa á? Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní tirẹ̀ ti sùn kí wọ́n tó pa iná, ó sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta ọjà Ìpàta nígbà tí wọ́n bá da ata gbígbẹ sí i. Ojú mi là kedere títí a fi dé Jeddah.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò wò dáadáa ni ìyá arúgbó kan tó jókòó lọ́wọ́ iwájú mi. Ìyá yẹn ti lé ní 70 ọdún, kò sì wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Láti Ìlọrin lọ, tẹ̀sùbáà nìkan ló ń jà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di etí mú, ó figbe ta: "Etí mi o! Ẹ gbà mí, etí mi fẹ́ bẹ́!" Ó sunkún gidi, omijé ń dà, kò bìkítà ẹni tó ń wò ó. Gbogbo ọkọ̀ ló ń kí i, "Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́." Mo fún un ní súìtì, mo ní kó máa lá a kó máa gbé itọ́ mì, kó sì máa yanu gbàgà bí ẹni ń yán. Kò pẹ́ púpọ̀, ó rọ̀ ọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní kí wọ́n lọ wá ọkọ̀ ọ̀tọ̀ fún àwọn arúgbó.

Ohun tó ṣe ìyá yẹn ló ṣe ọmọ ẹ̀yìn yín. Bí mo ṣe máa ń là á yé àwọn ìyá ọmọ ní wọ́ọ̀dù náà ni n ó ṣe là á yé yín.

Lẹ́yìn awọ etí, awọ tí ohùn ń lù bí ẹni lu ìlù, yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti inú yàrá yẹn lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun. Pípadé ni ihò náà máa ń wà. Tí a bá gbé nǹkan mì tàbí tí a yán ló máa ń ṣí fìrí, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kó jáde. Nílẹ̀ níbí a kì í rántí pé a ní i. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù ńlá máa ń fò dé ibi tó ga tó kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn kò lè mí in kó wà láàyè, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀. Síbẹ̀ wọn kì í tì í kó ki tó ti ilẹ̀. Bí ẹni gbé wa jókòó sórí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà ni. Ẹ wo Òkè Sóbì yìí, tí ọmọ Ìlọrin fi ń yangàn. Ẹ bá mi wò ó, mélòó la ó tò léra kó tó dé ibẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá wá ń bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa ki sí i, á máa ti awọ etí wọnú. Tí ihò kékeré yẹn bá kọ̀ tí kò ṣí, oró rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ti ọmọ ìkókó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju tiwa lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, kò dà gẹ̀rẹ́ bíi ti àgbà. Kí ọ̀fìnkìn díẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti dí nìyẹn. Èmi rí ìyá Hájì fún ní súìtì, mo sì rí ọ̀rọ̀ bá a sọ. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, èdè wo la ó fi ní kó yán?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé, ṣé fún wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ fi ń gòkè tó sì ń sọ̀ ni? Ẹ gba ibẹ̀. Ti etí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Láàárín, ebi lè wà níbẹ̀, ìlẹ̀dí tó tutù, oorun tó dàrú, imú tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ọkọ̀ ti gbẹ. Àti ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ara ìyá. Ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀ máa ń mọ̀ nígbà tí ara ìyá bá le gan-an. Bàbá Aláṣọ, ẹ̀rù yín ló ń ba ìyá yẹn. Ẹ̀yìn orí yín ló ń wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pòṣé, apá tó fi gbá ọmọ mú ń le sí i, ọmọ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ ń lu ìlù kan náà ni láìmọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi yín ṣẹ̀sín, àwọn oníbàálù tó ti gbọ́ irú ẹjọ́ yín kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2011, Malaysia Airlines ní àwọn kò ní gba ọmọ ọwọ́ sí àwọn àga olówó ńlá iwájú mọ́ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọn kan. Nígbà tó di 2012, wọ́n tún ya àga òkè ọkọ̀ alájà méjì wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 12. Lọ́dún 2013, AirAsia X tó wà ní Malaysia níbẹ̀ náà gé apá kan sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Scoot ti Singapore ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ó tún wá bu owó lé tiẹ̀. IndiGo ti India tẹ̀lé wọn ní 2016. Èyí tó pariwo jù ni ti ilé iṣẹ́ bàálù Corendon ní 2023, lójú ọ̀nà Amsterdam sí erékùṣù Curaçao: àga 93, ẹni ọdún 16 sókè nìkan, owó euro 45 lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, kò sí èyí tó kó ọmọ kúrò nínú ọkọ̀ lódindi. Apá kan ni wọ́n gé fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn.

Mi ò lòdì sí i. Ẹni tó fẹ́ dákẹ́ ló san owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọn ò gba owó ìyà lọ́wọ́ ìyá ọmọ, ìyẹn dára lójú mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ẹ ó rí ohun tí ẹ ra. Ọmọ tí mo mọ̀, tó bá ké ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ sọ fún mi, òfì onípele mélòó la ó ta kọ́ sí àárín ọkọ̀ kí ohùn tó dúró?

Èyí tí mo gbádùn jù kò lé ẹnikẹ́ni. Japan Airlines ló ṣe é, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé lọ́dún 2019: tí ẹnì kan bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tó sì mú àga rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán orí ọmọ kékeré kan á jáde sórí àga náà nínú máàpù ọkọ̀. Ẹni tó ń fẹ́ oorun á rí i, á gba ibòmíì lọ. Ó tán. Kò sí ẹni tó bú ara wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ọkọ̀ tó ń ti Ìlọrin lọ sí Èkó tàbí Àbújá lóòjọ́, ìka ọwọ́ yín tó o kà, kì í sì í ṣe ọkọ̀ alájà méjì. Ká ní wọ́n ní ti àárọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọmọdé. Ìyá ọmọ á dúró de ti ìrọ̀lẹ́, tó bá wà, tí wọn kò bá sì sún un sí ọ̀la. Tí kò bá lè dúró, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, nǹkan bíi 300 kìlómítà pẹ̀lú ọmọ lórí itan, láàárín àwọn tírélà. Kí àgbàlagbà kan lè sùn nínú bàálù tí kò lò tó wákàtí kan lójú òfuurufú! A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n lé ọmọ tuntun kúrò lọ́jà ti yanjú ti orí rẹ̀ lóòótọ́.

Mo sọ ọ́ nítorí ohun tí ojú mi rí. Ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n bá ọmọ oṣù mẹ́rin kan àti ìyá rẹ̀ wọ bàálù láti Ìlọrin lọ sí Èkó, àwọn dókítà ọkàn ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí a ti jókòó ni ọmọ náà ti ń ké. Ọ̀gá kan níwájú wa yíjú padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ìyá ọmọ fi aṣọ bo ojú, òun náà ń sunkún. Bàbá, inú mi dùn sí igbe ọmọ yẹn ju orin lọ. Ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, èyí tó ń ké kì í dẹ́rù bà wá. Èyí tó bá dákẹ́ lójijì ni nọ́ọ̀sì máa ń ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sáré lọ bá. Mi ò sọ èyí fún ọ̀gá náà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún un.

Nítorí náà: ọkọ̀ lódindi, rárá. Apá kan nínú ọkọ̀ ńlá tó ń rìn jìnnà, kí wọ́n gé e, kí ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sùn. Kí wọ́n má sì tìtorí ẹ kó gbogbo abiyamọ lọ sẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Títí ìyẹn yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ṣe èyí. Ibùsùn ọmọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ògiri, iwájú ìpín kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà, níbi tí ògiri wà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ọmọ ọwọ́ jù. Kí ọ̀dọ́kùnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn pa ẹ̀rín tì, kó mú àga fún yín síbi tó jìnnà sí i. Ẹ ra ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí etí, kò wọ́n, ó wà nílé oògùn. Ẹ má sì ní kí oníbàárà wá gba aṣọ ìyàwó lọ́jọ́ tí ẹ bá ti òkè òkun dé. Ìyẹn, ẹ ò lè dẹ́bi rẹ̀ ru ọmọ ọwọ́.

ÌBÉÈRÈ

Tíṣà ni mí l'Ọ́fà. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà kan ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹ̀yìn àga mi láti Àbújá, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wo fíìmù. Ṣé mo lè bá ọmọ ọlọ́mọ wí nínú bàálù?

Tíṣà, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN

Tíṣà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ yíjú padà, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ẹ bi í ní kíláàsì tó wà. Tíṣà ni yín, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó bá ti dárúkọ fún àgbàlagbà kì í sábà tún fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́yìn. Tí kò bá gbọ́, bàbá rẹ̀ lẹ ó bá sọ, pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ sà". Bí bàbá náà bá jẹ́ irú èyí tí kò lè gbé ojú kúrò lára fíìmù, ẹ pe òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, iṣẹ́ wọn ni. Ìka ni kí ẹ má fi kan ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé l'Ọ́fà níjọ́sí ẹ̀ bá ti fà á létí kí bàbá rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ayé ìjọ́sí kọ́ nìyí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Mo bí àkọ́bí mi, ó ti pé oṣù márùn-ún, mo sì fẹ́ gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ ní Canada. Bàálù méjì ni a ó wọ̀. Ẹ̀rù àwọn tó máa jókòó yí wa ká ń bà mí ju ẹ̀rù bàálù fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un ní àgbo, kí n sì fi oògùn ọ̀fìnkìn tó ń kunni lóorun díẹ̀ sí i kó lè sùn dé ibẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Ìyá Àkọ́bí, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Olúwa á wò ó.

Má fún un. N ó kọ́kọ́ sọ ti oògùn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Nínú àwọn oògùn ọ̀fìnkìn tó ń kunni lóorun, èyí tí wọ́n ń pè ní promethazine wà lára wọn, ó sì lè mú kí mímí ọmọ kékeré lọ sílẹ̀. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù náà, ọmọ kan á mu ún tán, dípò kó sùn, ojú rẹ̀ á wá là, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, á fi gbogbo ọ̀nà já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, wọ́n fẹ́ ire fún yín ni. Sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ní tàgbo náà kò yá: ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kò tiẹ̀ nílò omi. Tí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú sí mi, mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ìbínú ń pa.

Ọmú yẹn náà ni oògùn etí rẹ. O ti ka ohun tí mo sọ fún Bàbá Aláṣọ nípa ihò tó ń ṣí nígbà tí èèyàn bá gbé nǹkan mì. Nítorí náà, má jẹ́ kó mu yó kí ọkọ̀ tó gbéra. Jẹ́ kí ebi pa á díẹ̀, kí o wá fún un lọ́mú bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Ti ìsọ̀kalẹ̀ ló le jù, òun sì ni àwọn ìyá máa ń gbàgbé, torí ọmọ á ti sùn, wọ́n á ní kí àwọn má jí i. Jí i. Ní nǹkan bí ìlàjì wákàtí kí ọkọ̀ tó balẹ̀, wọ́n á kéde pé ọkọ̀ ti ń rẹlẹ̀, etí tìrẹ náà á sì ti máa sọ fún ọ. Ìgbà yẹn ni kí o fi ọmú sí i lẹ́nu, kó máa mu ún títí táyà á fi kan ilẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn bá mú un gidi lọ́sẹ̀ ìrìn àjò, tàbí tó ń fa etí rẹ̀, gbé e lọ fún dókítà kó tó wọ ọkọ̀.

Nígbà tí o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí o ti sọ fún wọn pé o ní ọmọ ọwọ́, kí o sì béèrè ibùsùn ọmọ nígbà yẹn. Tó bá di ọjọ́ ìrìn àjò kí o tó béèrè, o lè bá a pé ẹlòmíì ti gbà á. Kò ní sùn nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí bí iná bẹ́líìtì bá tàn, wọ́n á ní kí o gbé e sórí itan, ṣùgbọ́n apá rẹ á rí ìsinmi díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbà fún un tí kò bá ní àga tirẹ̀. Kì í ṣe pé o wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Rántí ìyẹn bí ẹnì kan bá ń wò ọ́ bí ẹni wo olè.

Ọ̀já, mú un dání. Pọn ọmọ lórí ìlà, nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò, kí ọwọ́ rẹ méjèèjì lè ṣófo fún páálí ìwé àti báàgì. Àwọn òyìnbó á máa wò ọ́, jẹ́ kí wọ́n wò. Inú ọkọ̀ nìkan ni kí o ti tú u: nígbà gbígbéra àti ìbalẹ̀, orí itan ni wọ́n fẹ́ kó wà, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù kan á sì fún ọ ní bẹ́líìtì kékeré tí a ń so mọ́ tàgbà. Bí o bá fún ọmú sínú ìgò, òfin tí kò jẹ́ kí a gbé omi tó ju mílílítà 100 wọlé kì í sábà de oúnjẹ ọmọ. Mú un jáde fúnra rẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Aṣọ ọmọ mẹ́ta, ìlẹ̀dí ju èyí tí o rò lọ, àti bùbá kan fún ìwọ náà. Gbogbo ìyá ló ń rántí aṣọ ọmọ. Ìyá ọmọ ni ọmọ máa ń bì sí lára.

Àwọn tó yí ọ ká wá. Mo gbọ́ pé ní òkè òkun àwọn òbí kan máa ń di súìtì àti ohun ìdí etí sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n á pín in fún gbogbo àwọn tó jókòó nítòsí pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀. Má ṣe é. Kí lo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, pé o bímọ? Bí o bá ti jókòó, kí wọn, "Ẹ kú ìjókòó o, ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ mi," ó tó. Bó bá ń ké tí o ti fún un lọ́mú, tí o ti yẹ ìlẹ̀dí wò, tí kò dákẹ́, dìde, máa rìn ín lójú ọ̀nà àárín àga bí iná bẹ́líìtì bá ti kú. Máa mí wálẹ̀. Kọ orin tí ìyá rẹ fi ń rẹ̀ ọ́ sí i létí, ní ohùn jẹ́jẹ́. Wàá rí i pé ìyá kan á na ọwọ́ pé kó o gbé e wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ tí kì í sí irú wọn níbẹ̀.

Bí o bá sì rí bàbá kan níwájú rẹ tó wọ fìlà òfì, kí i dáadáa. Ó ti ka ojú ìwé yìí.